Ta Ló Ni Ìtàn Àìsàn?

Iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún mi ni kí n sọ̀rọ̀ lórí ìwé tó dá lórí ìṣègùn, àìsàn, àti ìgbé ayé dókítà òun aláìsàn. Bí mo bá ní kí n máa ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á ṣú bá wa síhìn-ín. Ìbéèrè kan ni màá fi tú wọn wò: ìtàn àìsàn, ta ló ni ín? Ṣé ẹni tí ara ń ro ni? Ṣé dókítà tó kọ ọ́ sínú fáìlì ni? Àbí àwọn ẹbí tó ń ta ilẹ̀ láti fi ra oògùn? Ìwé tó bá sáré dáhùn pé "ti aláìsàn ni," mo máa ń fura sí i. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi fáìlì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti gba káàdì rí ní ilé ìwòsàn ìjọba mọ̀ ọ́n dáadáa: ó pélébé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà á máa wú títí wọn yóò fi fi báńdéèjì dè é láàárín. Ìwọ lo ni ara, ìwọ lo ni ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ló ń gbé fáìlì náà láti yàrá kan bọ́ sí èkejì. Bí wọ́n bá sì gbé e lé ọ lọ́wọ́, ìkìlọ̀ ló ń tẹ̀ lé e: "Ẹ má ṣí i o." Mo sin àbúrò ìyá mi lọ sí irú ibẹ̀ nígbà kan. Dókítà ọ̀dọ́ kan wo ojú mi, ó ní, "Kí ló ń ṣe Màmá?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò: ẹsẹ̀ ń wú, oorun kò wá, oúnjẹ ń kọ̀. Màmá fa apá aṣọ mi, wọ́n ní, "Ṣé ìwọ ló ń ṣàìsàn ni?" Dókítà rẹ́rìn-ín, ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó pa fáìlì dé. Ohun tó kọ, èmi àti wọn kò mọ̀ ọ́n.

Ẹni mẹ́ta ló wà nínú yàrá yẹn, ìtàn mẹ́ta ló sì wà níbẹ̀. Ti dókítà kúrú, nítorí èrò ṣì pọ̀ níta. Tèmi kún fún ìpayà. Ti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú gan-an ni ẹnikẹ́ni kò béèrè. Bí mo bá ṣí ìwé ìṣègùn èyíkéyìí báyìí, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wá nìyẹn: ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló sì jókòó láìsọ nǹkan?

Nílẹ̀ wa, àìsàn kì í jẹ́ ti ẹnìkan. "Wọ́n ní ká wá sanwó," là ń wí, bó tilẹ̀ jẹ́ ara ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ la. Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò rí èyí, ó sì fi ṣiṣẹ́. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, 1923 ni wọ́n bí i, Birmingham ló ti kọ́ ìṣègùn. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Aró ní 1954, kò fẹ́ kí ó jẹ́ ilé tí wọ́n á ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ àwọn èèyàn. Ó bá àwọn abúlé tó yí Aró ká ṣe àdéhùn: aláìsàn á máa gbé láàárín wọn, á máa wá gba ìtọ́jú ní ọsibítù, ìbátan rẹ̀ kan, ó kéré tán, á sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti máa dáná, láti máa fọṣọ, láti máa mú un wá. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà wà nínú ètò ọ̀hún. Ní 1963, Lámbò àti àwọn onímọ̀ láti Cornell ní Amẹ́ríkà gbé ìwé ńlá kan jáde, Psychiatric Disorder among the Yoruba, tó dá lórí ìwádìí tí wọ́n ṣe ní agbègbè Abẹ́òkúta. Mo bọ̀wọ̀ fún ìwé náà. Ṣùgbọ́n èyí tí ọkàn mi ń fà sí ni ìwé tí obìnrin kan ì bá kọ, ẹni tó ká ẹní, tó gbé ìkòkò, tó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ gbé ní abúlé kan lẹ́bàá Aró. Kí ni ẹ̀gbọ́n yẹn ń sọ lóru? Ìgbà wo ló kọ́kọ́ béèrè oúnjẹ fúnra rẹ̀? Ta ló ń bá obìnrin náà tọ́jú ọjà tó fi sílẹ̀ nílé? Dókítà kò lè kọ ìyẹn, nítorí kò sùn síbẹ̀.

Àmọ́ o, ilé tó ń dúró tini náà ló ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni. Àwọn òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ wa ló mọ èyí jù, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ju àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ lọ. Ẹ wo Stay With Me tí Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ gbé jáde ní 2017. Iléṣà ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Yéjídé ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe irun, Akin ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ báńkì. Ọdún ń gorí ọdún, oyún kò dé, wọ́n sì mú ìyàwó kejì wá bá a. Yéjídé gun òkè lọ sọ́dọ̀ wòlíì, ó gbé ewúrẹ́ dání, ó sì fún ewúrẹ́ náà lọ́mú. Nígbà tó padà délé, inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó gbà pé oyún ni, dókítà sì ń sọ fún un pé kò sí ọmọ kankan níbẹ̀. Ẹni tí kò tíì ka ìwé náà, kó forí jì mí, nítorí mo fẹ́ tú àṣírí: Akin ni akúra. Ó sì mọ̀. Gbogbo àyẹ̀wò, gbogbo àgbo, gbogbo àdúrà, ara Yéjídé ni wọ́n ń dà á lé, nígbà tí ẹni tó ń ṣàìsàn jókòó sí pálọ̀, tó ń ka ìwé ìròyìn.

Ohun tó mú kí n ka ìwé yìí sí ìwé ìṣègùn ni pé Adébáyọ̀ jẹ́ kí tọkọtaya náà sọ ti ẹnu wọn, orí yìí fún ìyàwó, orí kejì fún ọkọ. A wá ń rí bí ìtàn àìsàn kan ṣe ń di méjì nínú iyàrá kan náà. Nígbà tí ọmọ sì dé, àìsàn fòní-kú-fọ̀la-dìde bá wọn wọlé. Ilé ẹ̀rọ àyẹ̀wò rí síkúlà, ìyá ọkọ rí àbíkú, orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ kẹta, Rótìmí, ló sì di àkọlé ìwé. Òǹkọ̀wé kò fi ìyá àgbà náà ṣẹ̀sín. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ìyá tó ti sin ọmọ-ọmọ kò ní láti jẹ́ òpònú kó tó wá ìdí ikú lọ síbi tí àwọn baba rẹ̀ ti ń wá a.

Lọlá Ṣónẹ́yìn ti kọ́kọ́ ta kókó yìí ní 2010 nínú The Secret Lives of Baba Segi's Wives, ti Ìbàdàn, òun sì fi ẹ̀rín kọ tirẹ̀. Ilé Bàbá Ṣẹ́gi kún fún ọmọ, Bọ́láńlé, ìyàwó kẹrin tó kàwé, kò lóyún, ni wọ́n bá wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní kí ọkọ náà wá ṣe àyẹ̀wò. Èsì jáde: kò sí irúgbìn kankan lára Bàbá Ṣẹ́gi. Àwọn ìyá ilé ti mọ ibi tí ọmọ ti ń wá, wọ́n sì ti pa ẹnu mọ́ láti ọdún yìí wá. Bébà kan ṣoṣo láti yàrá àyẹ̀wò tú odindi ilé ká. Mo máa ń bi àwọn dókítà tí mo mọ̀ pé, irú èsì bẹ́ẹ̀, ta lẹ máa ń fún? Ọkọ? Ìyàwó? Ẹni tó sanwó? Wọ́n máa ń mí kanlẹ̀.

Ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, wọn ò tilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Henrietta Lacks, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní Virginia ní 1920, tó dàgbà lẹ́nu iṣẹ́ oko tábà ní Clover, fọwọ́ kan kókó kan nínú ara rẹ̀. Ọmọ márùn-ún ló ti bí. Ní 1951 ó lọ sí ilé ìwòsàn Johns Hopkins, tó ní wọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ni. Kí wọ́n tó fi radium sí i lára, dókítà gé díẹ̀ lára kókó náà, wọ́n sì gbé e lọ sí yàrá ìwádìí George Gey. Kò sẹ́ni tó bi obìnrin náà. Mary Kubicek, òṣìṣẹ́ Gey, fi lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ nínú orúkọ rẹ̀ méjèèjì sára túùbù: HeLa. Sẹ́ẹ̀lì ara èèyàn tí wọ́n ti ń gbìyànjú láti tọ́ nínú ìgò tẹ́lẹ̀ máa ń kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Tirẹ̀ kò kú. Ó ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Ẹni tó ni ín kú ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún kan náà, ẹni ọdún 31.

Sẹ́ẹ̀lì yẹn ni wọ́n fi dán abẹ́rẹ́ àjẹsára rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ wò. Wọ́n ń tà á, wọ́n ń fi ránṣẹ́ kárí ayé, àwọn ìwé kan tilẹ̀ ń pe ẹni tó ni ín ní Helen Lane. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan títí di 1973, nígbà tí ẹnìkan tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí jẹjẹrẹ pàdé ìyàwó àkọ́bí rẹ̀ nílé ọ̀rẹ́, tó sì béèrè bóyá wọ́n bá Henrietta yẹn tan. Ẹ wo ọ̀nà tí ìròyìn gbà dé! Láìpẹ́ àwọn olùwádìí wá gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà fún ìwádìí tiwọn. Deborah, ọmọbìnrin rẹ̀, rò pé jẹjẹrẹ tó pa ìyá òun ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò lára òun, ó sì ń retí èsì tí kò sẹ́ni tó fẹ́ fún un.

Rebecca Skloot lo bí ọdún mẹ́wàá lórí ìwé tó kọ nípa wọn, The Immortal Life of Henrietta Lacks, tó jáde ní 2010. Nínú gbogbo ìwé tí mo ń sọ lónìí, òun ni mo ń tún kà jù. Kì í ṣe nítorí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì inú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké. Skloot kò fi ara rẹ̀ pamọ́ ni. Obìnrin aláwọ̀ funfun ni, ó wá gba ìtàn lọ́wọ́ ìdílé tí àwọn aláwọ̀ funfun ti gba ẹran ara lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jẹ́ ká rí i pé Deborah ń fura sí òun, pé inú ń bí i, pé ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ òun nígbà mìíràn. Ibì kan wà tí Deborah àti Zakariyya, àbúrò rẹ̀, lọ sí Hopkins, tí olùwádìí kan fi sẹ́ẹ̀lì ìyá wọn hàn wọ́n lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi. Deborah gba ìgò kékeré náà, ó tutù bíi yìnyín, ó mí ìmí gbígbóná sí i kí ó lè móoru. Ó bá a sọ̀rọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnìkan nínú ilé ìwòsàn yẹn jókòó bá wọn ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Àádọ́ta ọdún ti kọjá lórí ikú ìyá wọn.

Ìwé náà ta wìtìwìtì, Skloot fi díẹ̀ nínú owó rẹ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ lórúkọ Henrietta. Àwọn kan nínú ìdílé náà dúpẹ́, àwọn kan kò dúpẹ́. Ní 2023, àwọn ajogún Henrietta àti ilé-iṣẹ́ Thermo Fisher parí ẹjọ́ tó wà láàárín wọn. Iye tí wọ́n fi parí rẹ̀, wọn kò sọ ọ́ síta. Ìyẹn náà jẹ́ ìtàn tí ó ní olówó rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé olè ni Hopkins lójú ẹbí yìí, kí la máa wí nípa ibi tí kò sí olè kankan, tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn ọmọ náà, tí ọmọ náà sì ṣòfò? Ìwé Anne Fadiman, The Spirit Catches You and You Fall Down, ti 1997, ni mo fẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó wà níbí wá kiri. Lia Lee ni wọ́n ń pe ọmọ náà. 1982 ni wọ́n bí i ní Merced ní California. Hmong láti Laos ni àwọn òbí rẹ̀, ogun ló lé wọn kúrò nílé. Ó kù díẹ̀ kí ọmọ náà pé oṣù mẹ́ta ni wárápá mú un, àwọn òbí rẹ̀ sì mọ ohun tó fà á: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jan ilẹ̀kùn mọ́ férémù, ìró náà dẹ́rù ba ẹ̀mí Lia, ó sá lọ. Láàárín àwọn Hmong, wárápá máa ń ní ọ̀wọ̀ díẹ̀ nínú, nítorí ẹni tó ní in lè di àwòrò tí ń bá ẹ̀mí sọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ mọ̀ pé wọn á ní kí a má fọwọ́ kan ẹni tí wárápá gbé ṣánlẹ̀, kí itọ́ rẹ̀ má baà ta sí wa lára. Ìbẹ̀rù tiwa ń pa èèyàn. Mo ti rí ẹni tó jóná ní ibi ìdáná nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ fà á dìde.

Dókítà Lia méjèèjì, Neil Ernst àti Peggy Philp, tọkọtaya ni wọ́n, ọ̀mọ̀ràn ni wọ́n, alákíkanjú ni wọ́n. Wọ́n kọ oògùn fún un lóríṣiríṣi, wọ́n ń yí i padà léraléra. Àwọn òbí kò lè ka ohun tó wà lára ìgò oògùn. Wọ́n tún rí i pé oògùn kan ń yí ìwà ọmọ wọn padà, wọ́n bá dá a dúró. Ohun tí wọ́n ń kọ sínú fáìlì ni pé òbí kò tẹ̀ lé ìlànà. Ní 1985, ìjọba gba Lia lọ́wọ́ wọn, wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn tọ́ fún nǹkan bí ọdún kan. Ní oṣù kọkànlá 1986, gìrì ńlá kan mú un, àrùn sì ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ kú. Dókítà ní kò ní pẹ́ lọ. Àwọn òbí rẹ̀ gbé e lọ sílé, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń fún un lóúnjẹ, wọ́n ń gbé e sẹ́yìn, ó sì wà láyé títí di 2012. Ọgbọ̀n ọdún ló lò.

Fadiman kò dá ẹ̀bi fún ẹnikẹ́ni, ìyẹn sì máa ń bí àwọn òǹkàwé kan nínú. Ohun tó ṣe ni pé ó kọ orí kan nípa Lia, ó tẹ̀ ẹ́ bọ orí mìíràn nípa ogun àti ìrìn-àjò àwọn Hmong, títí tí a fi rí i pé fáìlì Merced àti ìtàn tí ìyá Lia ń sọ kò tíì pàdé ara wọn rí. Èdè kọ́ nìkan ló fà á, nítorí ògbufọ̀ wà nígbà mìíràn. Kò sẹ́ni tó bi ìyá náà pé: kí lẹ rò pé ó fa àìsàn yìí? Kí lẹ rò pé ó yẹ kí á ṣe sí i? Ìbéèrè méjì péré. Ó gba ìṣẹ́jú márùn-ún ní kílíníìkì èyíkéyìí láti Òṣogbo dé Kútọnu.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ọ̀dọ̀ àwọn dókítà fúnra wọn, kí wọ́n má baà ní mo wá bú wọn. Ìwé dókítà máa ń dùn jù níbi tí dókítà bá ti ṣubú sórí bẹ́ẹ̀dì. Òǹkọ̀wé Anton Chekhov gba ìwé ẹ̀rí dókítà ní Moscow ní 1884, ọdún náà gan-an ló bẹ̀rẹ̀ sí í wú ikọ́ ẹlẹ́jẹ̀. Ó fi ọdún mẹ́tàlá sọ fún ara rẹ̀ pé kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ. Bí ó bá jẹ́ aláìsàn rẹ̀ ló wá bá a bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan ni ì bá fi mọ̀ ọ́n! Ní 1897, ẹ̀jẹ̀ dà lẹ́nu rẹ̀ nídìí oúnjẹ ní ilé oúnjẹ ńlá kan, ni kò bá rí ibi sá sí mọ́. Ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún ṣáájú ìgbà náà ló ti kọ ìtàn dókítà Ragin, tó ń bá wèrè ọlọ́gbọ́n kan jiyàn ní Wọ́ọ̀dù Kẹfà pé ìrora kò jẹ́ nǹkan kan, èrò ọkàn lásán ni. Nígbẹ̀yìn wọ́n ti Ragin fúnra rẹ̀ mọ́ wọ́ọ̀dù yẹn, olùṣọ́ lù ú, ó sì wá mọ ohun tí ìrora jẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ̀bùn wo ló tún ju ti òǹkọ̀wé tó fi ara rẹ̀ sẹ́wọ̀n nínú ìtàn kí ayé tó ṣe é sí i?

Mikhail Bulgakov kọ́ tirẹ̀ lọ́nà mìíràn. Ó jẹ́ dókítà kan ṣoṣo ní abúlé kan ní agbègbè Smolensk láti 1916, mọfíìnì sì di bárakú fún un níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ Tatiana ló bá a jà títí ó fi bọ́. Ní 1927 ó gbé ìtàn kan jáde nípa dókítà tí mọfíìnì pa, inú ìwé ìròyìn àwọn òṣìṣẹ́ ìṣègùn gan-an ló sì ti tẹ̀ ẹ́. Nínú ìtàn náà, kò sí ìyàwó tó gbani là.

Paul Kalanithi ni ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀. Oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ni ní Stanford, ó kù díẹ̀ kí ó parí ìkẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ gbọọrọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n rí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lára rẹ̀ ní 2013. Ó kú ní oṣù kẹta 2015, ẹni ọdún 37, ọmọ rẹ̀ obìnrin kò tíì pé ọdún kan. Ìwé rẹ̀, When Breath Becomes Air, jáde ní 2016. Gbogbo èèyàn ń yin ìdajì àkọ́kọ́, níbi tó ti ń sọ nípa iṣẹ́ abẹ àti ìmọ̀ ọgbọ́n orí. Lójú tèmi, àwọn ojú ewé ìkẹyìn, tí Lucy ìyàwó rẹ̀ kọ, ló gbé ìwé náà ró. Paul kò lè kọ ikú ara rẹ̀. Ẹni tó wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló kọ ọ́, òun náà sì jẹ́ dókítà, òun náà sì jẹ́ ẹbí.

Nílé ńkọ́? Dókítà òun ìwé kì í ṣe àjèjì ara wọn nílẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí ìwé tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ nípa ìtàn Yorùbá sọnù lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé, Obadiah àbúrò rẹ̀, tó jẹ́ dókítà, ló tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tó kù. Látùndé Òdèkù, ọmọ Àwẹ́, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, kàwé ní Howard àti Michigan, ó padà wá sí Ìbàdàn ní 1962, nígbà tí àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà ń fẹ́ kó dúró. Ó ń la orí èèyàn lọ́sàn-án, ó ń kọ ewì. Twilight Out of the Night jáde ní 1964, Whispers from the Night ní 1969. Ó kú ní London ní 1974, kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn Ìbàdàn ń kàwé nínú yàrá ìkàwé tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Mélòó nínú wọn ló mọ̀ pé akéwì ni?

Ìwé oògùn náà kò wọ́n wa. Joseph Odùmósù ará Ìjẹ̀bú-Òde ti kó egbòogi jọ sínú Ìwé Ìwòsàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Pierre Verger, ará Faransé tó tẹfá ní Kétu, tó di Fátúmbí, tó gbé ní Bahia ní Brazil, gbé Ewé jáde ní 1995 pẹ̀lú àkójọ oògùn tó lé ní 400. Orúkọ ewé wà níbẹ̀, bí a ṣe ń lọ̀ ọ́ wà níbẹ̀, ọfọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó mu àgbo náà kò sí níbẹ̀. A kò mọ̀ bóyá ara rẹ̀ yá, a kò mọ ẹni tó bá a sá ewé.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Àwa kì í sọ àìsàn. Ẹ ṣí ìwé ìròyìn èyíkéyìí sí ojú ewé tí wọ́n ti ń kéde òkú, "lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́" ni gbogbo wọn fi kú. Ẹni tó fi ọdún mẹ́fà lọ fún ìtọ́jú kíndìnrín lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, àìsàn ráńpẹ́ náà ni. Mo mọ ìdí tí a fi ń ṣe é. Ọmọ wà tí a kò tíì fi fọ́kọ, ọ̀tá wà tó ń retí kí ó yọ̀, àwọn àna ń bọ̀ wá wádìí. N kò fi èyí pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́. Ṣùgbọ́n ìyá tó bá bímọ síkúlà ní Iléṣà lónìí, tó bá fẹ́ mọ bí àwọn ìyá mìíràn ṣe là á já, ìtàn àròsọ ni yóò rí kà, nítorí àwọn ìyá tó là á já gan-an ti bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹni tó jà mí láyà jù lórí ọ̀rọ̀ yìí kò kọ ìwé kankan lé e lórí. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kú ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ 1997. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé tó ti ṣe mínísítà ìlera, dúró níwájú àwọn oníròyìn, ó ní éèdì ló pa àbúrò òun. Ní ìgbà yẹn, àwọn èèyàn kì í tilẹ̀ dárúkọ àrùn náà ní gbangba. Àwọn kan bínú, àwọn kan kò gbà á gbọ́ dòní. Nínú ẹni mẹ́ta tí mo ní wọ́n máa ń wà nínú yàrá, méjì ni Olíkóyè jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kẹta, tó fi orin sọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ láyé, kò sí láyé mọ́ láti sọ bóyá òun fẹ́. Ṣé ó tọ́ kí ẹ̀gbọ́n náà sọ ọ́? Èmi ní ó tọ́, mo sì mọ̀ pé bí ó bá jẹ́ èmi ló wà nínú pósí, ó ṣeé ṣe kí n má fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ṣì ń jà pẹ̀lú ara mi lórí rẹ̀.

Ẹnìkan á ní, dókítà tí kò ráàyè jẹun, ìgbà wo ni yóò kọ̀wé? Wálé Òkédìran jẹ́ dókítà ní Ìbàdàn, ó kọ ìtàn àròsọ lọ́pọ̀lọpọ̀, ó lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó sì ní ilé kan ní Ìsẹ́yìn, Ebedi, tí àwọn òǹkọ̀wé ti ń gba àyè láti kọ̀wé ní ìdákẹ́jẹ́. Nítorí náà, àyè wà fún dókítà tó bá fẹ́. Àwọn tí mo ń retí ìwé wọn jù ni àwọn tó ń rí aláìsàn ní agogo méjì òru, tí ẹbí ti sùn sórí ẹní ní kọ́rídọ̀, tí dókítà ti lọ sí yàrá rẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ ohun tí aláìsàn kò sọ fún ọkọ, tí kò sọ fún dókítà. Wọ́n mọ ẹni tó kígbe àti orúkọ tó ń pè. Títí di ìsinsìnyí, wọn kò tíì fún wa ní ìwé tó pọ̀, bóyá nítorí ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ́wọ́ wọn. Alága, àsìkò ìbéèrè ti tó. Mo rí i pé àwọn dókítà ti na ọwọ́ sókè níwájú níbí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí máìkì kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì tó jókòó sẹ́yìn yẹn.